Àgbàrá Òjò Kò Lóun Ò Nílé Wó: Ẹ̀kọ́ Lórí Òjò, Àsọtẹ́lẹ̀ Ojú Ọjọ́ àti Ìgbáralé Ọlọ́hun

KHUTUBA KÌÍNÍ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Gbogbo ọpẹ́ pátápátá ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ń rán atẹ́gùn níṣẹ́, tí ń kó ìkùukùu jọ, tí ń fi omi òjò jí ilẹ̀ tó ti kú dìde. A ń yìn Ín, a ń wá ìrànwọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun kí ó máa bá aṣíwájú wa, Ànábì Muhammad (S.A.W.), àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ ọ́ fún ara mi kí n tó sọ ọ́ fún yín pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ òjò: ohun tí ọmọ ènìyàn lè mọ̀ nípa rẹ̀ kí ó tó rọ̀, ohun tí kò lè mọ̀, àti ojúṣe tó wà ní ọrùn wa láàárín méjèèjì.

Ẹ̀yin àgbà tó wà láàárín wa kò lè gbàgbé ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Òjò tó rọ̀ sórí ìlú Ìbàdàn nígbà náà tó nǹkan bíi 274 mìlímítà. Kí ó lè yé àwọn ọ̀dọ́: òjò tí Ìbàdàn ń rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀, bí ọdún bá ṣe déédéé, kò fi bẹ́ẹ̀ ju 1,200 sí 1,300 mìlímítà lọ. Ìyẹn ni pé òjò tó yẹ kí a pín sí ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ó dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Odò Ògùnpa kún àkúnya. Ó wọ ilé lọ bá onílé, ó wó afárá, ó gbé ọkọ̀, ó sì gbé ènìyàn. Àwọn tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ lé ní igba. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn: odò yìí kan náà ti ya ní ọdún 1963, ó sì tún ya ní ọdún 1978.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọjá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó rí ti àkọ́kọ́ ti darúgbó, àwọn mìíràn ti padà sọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ó wá di ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Inú oṣù Ramadan ni a wà. Jímọ̀ tó kẹ́yìn ààwẹ̀ ọdún náà ni. Àwọn Mùsùlùmí kírun, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n sì túká bí a ó ṣe túká lónìí yìí, oníkálukú ń ro ohun tí yóò fi ṣínu àti aṣọ tí yóò rà fún ọmọ rẹ̀ fún ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Láàárín wákàtí mélòó kan, òjò tó tó nǹkan bíi 187 mìlímítà rọ̀. Adágún Eléyẹlé kún, ó ya; ọ̀pọ̀ afárá wó; àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé ìrun Jímọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n kí gbẹ̀yìn. Kí Ọlọ́hun forí jì wọ́n, kí Ó sì tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo oṣù tí ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì bọ́ sí. Ìparí oṣù kẹjọ ni. Gbogbo wa ni a sì mọ oṣù kẹjọ sí àkókò tí òjò máa ń sinmi díẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá kí ó tó tún padà wá ní oṣù kẹsàn-án. Àwọn àgbẹ̀ kò purọ́ nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ojú ọjọ́ náà sọ ọ́, wọ́n sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Atẹ́gùn méjì ní ń jìjà lórí ilẹ̀ wa lọ́dọọdún. Ọ̀kan ń bọ̀ láti orí òkun Àtìláńtíìkì, ó kún fún omi. Èkejì ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ó gbẹ fúrúfúrú, òun ló ń mú ọyẹ́ wá. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé kì í dúró sójú kan. Ó ń tẹ̀lé oòrùn lọ sí àríwá, ó sì ń padà wá sí gúúsù. Òjò ńlá máa ń rọ̀ lẹ́yìn ibi ìpàdé náà. Nígbà tó bá ti lọ jìnnà jù sí àríwá ní nǹkan bí oṣù kẹjọ, òjò a dẹwọ́ lọ́dọ̀ wa.

Òdodo ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ìlérí. Ẹni tó bá kó ọgọ́rùn-ún ọdún jọ, tó sì rí i pé oṣù kẹjọ máa ń rọlẹ̀, òótọ́ ni ó rí. Bí ó bá wá ti ibẹ̀ sọ pé nítorí náà òjò kò lè pa ènìyàn ní oṣù kẹjọ ọdún yìí, ó ti sọ ohun tí kò ní ìmọ̀ nípa rẹ̀. Láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ti wó.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ẹnìkan lè bèèrè pé: ṣé kò lòdì sí ẹ̀sìn kí Mùsùlùmí máa tẹ́tí sí àwọn tó ń sọ pé òjò yóò rọ̀ lọ́la? Ṣé Ọlọ́hun kò kà á mọ́ ohun márùn-ún ní òpin Suratu Luqman (31:34) tí ìmọ̀ wọn wà ní ọ̀dọ̀ Rẹ̀: àkókò tí ayé yóò parẹ́, sísọ òjò kalẹ̀, ohun tó wà nínú àpò ibi ọmọ, ohun tí ẹ̀mí kan yóò ṣe lọ́la, àti ilẹ̀ tí yóò kú sí? Ìbéèrè tó dára ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú Al-Kùránì kan náà. Nínú Suratul A'raf (7:57), Ọlọ́hun jẹ́ kí a mọ̀ pé Òun ló ń rán atẹ́gùn ṣáájú àánú Rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníròó ìdùnnú, títí tí yóò fi gbé ìkùukùu tó wúwo dìde. Ẹni tó bá wo atẹ́gùn, tó wo ìkùukùu, tó wá sọ pé ó jọ pé òjò ń bọ̀, àmì tí Ọlọ́hun fi lélẹ̀ ló kà. Kò sọ ohun ìkọ̀kọ̀. Ohun ìkọ̀kọ̀ ni kí ènìyàn fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ̀ dájúdájú, tàbí kí ó gbà pé ìràwọ̀ kan ló ń dá òjò rọ̀ lẹ́yìn Ọlọ́hun.

Zayd ọmọ Khalid gbà á wá pé ní Hudaybiyyah, òjò rọ̀ ní òru. Nígbà tí Ànábì (S.A.W.) kírun Àsùbáà tán, ó kọjú sí àwọn ènìyàn, ó sì fi yé wọn pé nínú àwọn ẹrú Ọlọ́hun, ẹni tó bá sọ pé oore Ọlọ́hun ló sọ òjò náà kalẹ̀ ti gba Ọlọ́hun gbọ́, ẹni tó bá sọ pé ìràwọ̀ báyìí-báyìí ló rọ̀jò ti ṣàìgbàgbọ́ sí I. Ẹ rí i pé ẹni tó sọ ẹni tó ni òjò di ìràwọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bá wí. Kò bá ẹni tó wo ojú sánmà kí ó tó sá àgbàdo wí.

Báwo wá ni ìmọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ṣe tó? Ó tọ́ kí a mọ̀ ọ́n, nítorí àwọn kan ń gbà wọ́n gbọ́ ju bó ti yẹ lọ, àwọn kan sì ń fi wọ́n ṣẹ̀sín ju bó ti yẹ lọ.

Ní ọdún 1961, ọ̀gbẹ́ni kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Edward Lorenz ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ojú ọjọ́. Ó fẹ́ tún ìṣirò kan ṣe, ó sì tẹ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà ti tẹ̀ jáde fún un tẹ́lẹ̀ padà sínú rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà nínú ẹ̀rọ gan-an ni 0.506127. Èyí tó tẹ̀ ni 0.506. Ohun tó fi yàtọ̀ kò tó nǹkan rárá. Nígbà tó padà dé ìdí ẹ̀rọ, ojú ọjọ́ tí ìṣirò kejì gbé jáde bẹ̀rẹ̀ bí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, wọ́n yà kúrò lọ́nà ara wọn títí tí ìkíní kò fi jọ ìkejì mọ́. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti rí i pé àṣìṣe bíńtín nínú ohun tí a mọ̀ lónìí máa ń dàgbà di àṣìṣe ńlá nínú ohun tí a sọ nípa ọ̀la. Kò sì sí ẹni tó lè wọn atẹ́gùn àti ooru gbogbo ayé láìku ẹyọ kan. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ ti wù kí ó lágbára tó, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n gbà pé ó jẹ́ òpin ibi tí a lè dé nínú sísọ bí ojú ọjọ́ ọjọ́ kan yóò ti rí.

Ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò ilẹ̀ olóoru a máa gbára jọ lójijì, a sì máa rọ̀ síbì kan kí ó fi ibòmíràn sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òjò lè lu Mápó kí ẹni tó wà ní Dùgbẹ̀ máa gbọ́n eruku aṣọ rẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ojú ọjọ́ gbogbo ayé máa ń pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin tó fẹ̀ tó ọ̀pọ̀ kìlómítà. Bẹẹrẹ, Mápó, Ọjà'ba àti Bẹ́yẹrúnká lè wà nínú igun kan ṣoṣo. Àjọ NiMet, tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti máa ṣọ́ ojú ọjọ́, máa ń kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìgbà tó ṣeé ṣe kí òjò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó ṣeé ṣe kí ó parí ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ìkéde náà wúlò púpọ̀ fún àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí omi yóò kún àdúgbò rẹ.

Bí rédíò bá sì sọ pé ìrètí òjò lọ́la jẹ́ àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá rí ọjọ́ mẹ́wàá tí àmì wọn rí bí ti ọ̀la, nǹkan bíi méje nínú wọn ni òjò yóò rọ̀. Bí kò bá rọ̀ lọ́la, ẹni tó sọ ọ́ kò purọ́. Ẹ má ṣe tìtorí ọjọ́ kan tí kò rọ̀ sọ pé ẹ kò ní gbọ́ mọ́.

Aisha ìyá wa (R.A.) sọ pé bí Ànábì (S.A.W.) bá rí ìkùukùu tàbí ìjì, ojú rẹ̀ máa ń yí padà. Nígbà tó bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó rán an létí àwọn ìjọ Ad. Wọ́n rí ìkùukùu tó dojú kọ àfonífojì wọn, inú wọn dùn, wọ́n ní òjò tí yóò fún àwọn lómi ló ń bọ̀. Ìjì ìparun sì ni (Suratul Ahqaf, 46:24). Ẹ gbọ́ o: Ànábì tí Ọlọ́hun ń ránṣẹ́ sí kò fi ọkàn balẹ̀ níwájú ìkùukùu. Kí ló wá fi èmi àti ìwọ lọ́kàn balẹ̀?

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, dájúdájú Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KHUTUBA KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó mọ ohun tó pamọ́ àti ohun tó hàn. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ kí ó máa bá ẹni tí kò sí Ànábì mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, bí a kò bá lè mọ ọjọ́ náà, kí ni kí a ṣe? Àwọn kan ní kí a káwọ́ gbera, nítorí pé àmúwá Ọlọ́hun ni. Bẹ́ẹ̀ ni, àmúwá Ọlọ́hun ni òjò. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa sọ pé àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Wọ́n mọ̀ pé àgbàrá ní iṣẹ́ tirẹ̀, onílé náà sì ní tirẹ̀. Ọkùnrin kan bi Ànábì (S.A.W.) bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun tó gbára lé Ọlọ́hun, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun sì gbára lé E. Ó pàṣẹ fún un pé kí ó kọ́kọ́ so ó. Tirmidhi ló gba ọ̀rọ̀ náà wá. Ẹ kíyè sí i: ọkùnrin náà kò mọ̀ bóyá ràkúnmí yóò sá lọ. Àìmọ̀ náà gan-an ló sọ okùn di dandan.

Ẹ wo Ànábì Yusuf pẹ̀lú. Ọlọ́hun fi ìmọ̀ ọdún méje tó kún fún ọ̀pọ̀ àti ọdún méje tó le hàn án. Ìmọ̀ tó dájú ni, kò sí bóyá níbẹ̀. Síbẹ̀ kò jókòó. Ó ní kí wọ́n gbìn, kí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n kórè sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀, àyàfi díẹ̀ tí wọn yóò jẹ. Bí ẹni tó mọ̀ dájú bá múra, ẹni tí kò mọ̀ ló yẹ kó múra jù.

Ìlú wa yìí, orí òkè ni àwọn bàbá wa tẹ̀ ẹ́ dó sí. Òjò tó bá rọ̀ sórí Òkè Mápó àti Òkè Àrẹ̀mọ kì í gbé ibẹ̀. Apá kan a ṣàn lọ sí Ògùnpa, apá kan a ṣàn lọ sí Kúdẹtì. Ohunkóhun tí ẹni òkè bá jù sínú gọ́tà, ọ̀dọ̀ ẹni ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ọ̀rá omi tí a mu tán ní Ọjà'ba, eérú, èèpo iṣu, àlòkù aṣọ tí a dà sójú àgbàrá nígbà tí òjò ṣú kí omi lè gbé e lọ, kò sí èyí tó parẹ́ nínú wọn. Abẹ́ afárá ni wọ́n ti ń pàdé. Wọ́n dí ojú omi, omi sì wá ọ̀nà mìíràn gba inú yàrá ẹni ẹlẹ́ni.

Ànábì (S.A.W.) fi àwùjọ wé àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi kan, tí àwọn kan wà lókè, tí àwọn kan wà nísàlẹ̀. Àwọn ìsàlẹ̀ fẹ́ dá ọkọ̀ lu ní apá tiwọn láti rí omi pọn. Bí àwọn tòkè bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò rì. Bí wọ́n bá di ọwọ́ wọn mú, gbogbo wọn ni yóò là. Ní Ìbàdàn, àwọn tó wà lókè náà wà nínú àwọn tó ń dá ọkọ̀ lu. Ẹni tó da ìdọ̀tí sínú gọ́tà ní Mápó kò ní rí omi ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ ẹlòmíràn ni omi yóò gbé. Ọlọ́hun yóò sì bèèrè ọmọ náà lọ́wọ́ ẹni tó dí ọ̀nà omi. Bí mímú ohun tó ń ni ènìyàn lára kúrò lójú ọ̀nà bá jẹ́ ẹ̀ka kan nínú ìgbàgbọ́, kí ni a ó pe dída ohun ìnira sójú ọ̀nà omi?

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ 1980, ìjọba fi kọnkéré tẹ́ ojú odò Ògùnpa. Ní ọdún 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí igba mílíọ̀nù dọ́là gẹ́gẹ́ bí owó yíyá fún iṣẹ́ dídènà omíyalé ní Ìbàdàn, a sì ti rí afárá àti ojú omi tí wọ́n fi tún ṣe. Ẹ̀tọ́ ìlú ni pé kí ìjọba ṣe tiwọn, kí a sì máa bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò sí kọnkéré tó fẹ̀ tó kí ìdọ̀tí má lè dí i.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mú nǹkan mẹ́rin lọ sílé lónìí.

Èkíní, ẹ máa fetí sí ìkéde ojú ọjọ́, kí ẹ sì fi in shā Allāh kún un. Ẹ má sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun, ẹ má sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àwàdà.

Èkejì, kí adúgbò kọ̀ọ̀kan kó gọ́tà rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún kó o ní oṣù kẹjọ nígbà tí òjò bá dẹwọ́. Ìsinmi òjò kì í ṣe ìgbà tí a ń sùn. Kí a kó ìdọ̀tí náà kúrò ní etí gọ́tà pẹ̀lú, nítorí òjò àkọ́kọ́ yóò dá a padà.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí odò, kí ó ti mọ ilé ìbátan tàbí aládùúgbò tí yóò gbé ọmọ àti arúgbó lọ bí òjò bá le, kí ó sì lọ kí omi tó dé ẹnu ọ̀nà. Kí ẹ̀yin tí ilé yín wà lókè ṣílẹ̀kùn fún wọn. Sàráà ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́lé, kó má kọ́ ọ sójú ọ̀nà omi. Omi lè pẹ́ kó tó padà wá, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe la àgbàrá kọjá, ẹ má sì rán ọmọ gba ibẹ̀. Omi tó dé orúnkún tó sì ń sáré lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kò sí ọjà tí a fẹ́ bá ní Ọjà'ba tó tó ẹ̀mí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan parí rẹ̀. Anas ọmọ Malik sọ pé ọkùnrin kan wọ mọ́sálásí Ànábì ní ọjọ́ Jímọ̀ nígbà tí khutuba ń lọ lọ́wọ́. Ó ní ẹran ti ń kú, ọ̀nà ti dí, kí Ànábì bá wọn tọrọ òjò. Kò sí ìkùukùu kankan lójú sánmà. Ànábì (S.A.W.) gbé ọwọ́ sókè, ìkùukùu kékeré kan yọ láti ẹ̀yìn òkè Sal', ó tàn ká, òjò sì bẹ̀rẹ̀. Títí di Jímọ̀ kejì, òjò kò dá. Ọkùnrin kan tún wọlé láti ẹnu ọ̀nà kan náà, ó ní dúkìá ti ń ṣòfò, ọ̀nà ti dí, kí Ànábì bá wọn tọrọ kí òjò dáwọ́ dúró. Ànábì kò tọrọ pé kí Ọlọ́hun gba òjò padà. Ó tọrọ pé kí ó máa rọ̀ ní àyíká wọn, kí ó má rọ̀ lé wọn lórí. Kí ó lọ sórí àwọn òkè, sínú àfonífojì àti sí ibi tí igi ń hù. Wọ́n jáde, wọ́n ń rìn nínú oòrùn.

Láàárín Jímọ̀ kan sí èkejì, ohun tí wọ́n fi ẹkún tọrọ di ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ kí ó kúrò. Ẹrú tí kò mọ ohun tí yóò tọrọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wá. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun tí a mọ̀ lónìí, kí a sì fi èyí tí a kò mọ̀ lé Ọlọ́hun lọ́wọ́.

Ọlọ́hun Ọba wa, fún wa ní òjò tó ní àǹfààní, má fún wa ní òjò ìparun. Jẹ́ kí àgbẹ̀ wa rí i kórè, jẹ́ kí ilé wa dúró. Forí ji àwọn tí omi gbé lọ ní ìlú yìí, gbà wọ́n sí ipò àwọn tó kú ikú ìjẹ́rìí, kí O sì tu àwọn ará ilé wọn nínú. Má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ wa ṣokùnfà ikú aládùúgbò wa. Tún Ìbàdàn ṣe, tún ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe, kí O sì fi ìbẹ̀rù Rẹ sí ọkàn àwọn tó ń darí wa. Àmín.

Ẹ dìde sí ìrun. Kí Ọlọ́hun ṣàánú yín.